Sójà Tó Fẹ̀yìntì, Tó Ní Kí Ìjọba Mọ Ààlà: Àgbéyẹ̀wò láti Ekinrin-Adde

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ sójà tó di olóṣèlú ní Nàìjíríà, ọ̀gágun ló ń wá sí wa lọ́kàn: Ọbásanjọ́, Buhari, David Mark. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun tiwa, orúkọ David Jemibewon ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ọmọ Iyah-Gbede tó jẹ gómìnà ológun fún Western State ní 1975, tó sì ṣe ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí di 1978. Lẹ́yìn rẹ̀ a ó dárúkọ Tunde Ogbeha, ọ̀gágun tó ṣojú ìwọ̀-oòrùn Kogí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1999 sí 2007. Ẹni tí a kì í rántí ni ọmọ mẹ̀kúnnù tó wọṣẹ́ ológun ní kùrúútù, tó lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní báráàkì, tó fẹ̀yìntì ní sájẹ́ǹtì, tó wá padà sílé sí Ekinrin-Adde láti tún oko bàbá rẹ̀ dá. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè irú ìjọba tó fẹ́.

Ó yẹ ká bi í. Ẹni tó bá jókòó ti irú wọn pẹ́, ohun méjì ni yóò máa gbọ́. Àkọ́kọ́, kí ìjọba san ohun tó jẹ àwọn. Èkejì, kí ìjọba yé dí àwọn lọ́wọ́. Létí ẹni tó ń kánjú, ọ̀rọ̀ méjèèjì ta kora: báwo lẹni tó ń retí owó ìjọba lóṣooṣù ṣe tún ń ní kí ìjọba yàgò fún òun? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń béèrè ìjọba tó ń mú àdéhùn ṣẹ, tó sì mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ pin sí. Níbòmíràn láyé, irú èrò yìí ní orúkọ, ó sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Nílẹ̀ wa, ó ní ìtàn, ó ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ibi tí èrò náà ti gba orúkọ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971 ni David Nolan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú Libertarian sílẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń bí wọn nínú kò fara sin. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ sójú ogun, Ààrẹ Nixon sì ti fòfin de owó ọjà àti owó oṣù nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ìgbàgbọ́ wọn kò ṣòro: olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀ àti èrè ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni kó dáàbò bo ẹ̀mí àti dúkìá, kó sì rí i pé àdéhùn kò yẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù, kí àwọn ènìyàn fi ìfẹ́ inú wọn bá ara wọn ṣe é. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ lọ́nà tiwọn pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Bí bàbá àti ọmọ bá nílò ààlà, áḿbọ̀ǹtórí ìjọba àti ará ìlú.

Kí ló wá kan sójà níbẹ̀? Ó kàn án ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń lò. Ọ̀rọ̀ ìfipákóni sógun yẹn ni Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, bá jà nínú ìgbìmọ̀ tí Nixon gbé kalẹ̀ ní 1969, títí ìjọba fi pa á tì ní 1973. Dókítà ni Ron Paul; wọ́n pè é sí iṣẹ́ ológun nígbà wàhálà Cuba ní 1962, ó sì tọ́jú àwọn awakọ̀ òfurufú. Ní 1988 ó díje fún ipò ààrẹ lábẹ́ àsíá Libertarian. Nígbà ìdíje abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican fún ìbò 2012, owó tí àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun dá fún un ju èyí tí wọ́n dá fún olùdíje Republican mìíràn lọ. Ohun tó ń wàásù fún wọn ni pé kí Amẹ́ríkà kó àwọn sójà rẹ̀ padà wálé. Adam Kokesh jà ní Fallujah ní 2004 pẹ̀lú àwọn Marine. Nígbà tó dé, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn sójà tó tako ogun Iraq. Ní 2010 ó wá tíkẹ́ẹ̀tì ilé aṣòfin ní New Mexico, kò rí i gbà. Ní 2020 ó wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ Libertarian, Jo Jorgensen ló gbà á.

Ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ gbé irú àwọn báyìí dé ibẹ̀. Sójà kékeré rí bí àṣẹ ṣe ń wá látọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní san nǹkan kan bí àṣẹ náà bá kùnà. Ó rí bí ohun èlò ṣe ń ṣòfò níbì kan nígbà tí wọn kò rí i lò níbòmíràn. Ó padà sílé, ó tún bá ìlà gígùn níwájú ọ́fíìsì tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀ dáadáa. Ohun tó sọnù lọ́kàn rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó ń pàṣẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Gbòǹgbò rẹ̀ nílẹ̀ wa

Ẹni tó bá ní èrò òyìnbó ni gbogbo èyí kò tíì ka ìtàn wa. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tuntun àti ọ̀nà tí ìjọba Lugard gbà ń fipá ṣàkóso wọn. Wọ́n tú ojú irin, wọ́n gé wáyà tẹlígíráàfù. Ta ni ìjọba rán sí wọn? Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun East Africa dé. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó bá Jámánì jà nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tún gbé ìbọn lé lọ́wọ́ kó lọ gba owó orí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù bíi tirẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn sójà nílẹ̀ wa, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ààlà yìí ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ, ìjọba Western State lábẹ́ Adéyínká Adébáyọ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí owó kòkó kò bá a débì kan. Láti 1968 ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ti dìde. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ ló lọ bá Tafa Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀ kí ìjọba tó sọ owó orí náà di pọ́ùn méjì. Àwọn tó jà yẹn kò sọ pé àwọn kò fẹ́ ìjọba. Wọ́n ní ẹni tó ń gba owó gbọ́dọ̀ fi ohun tó fi owó náà ṣe hàn, àti pé akódà àti àwọn agbowó orí kò gbọ́dọ̀ máa já wọlé onílé.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ara kòkó àti ẹ̀pà wa ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà èrò òmìnira lágbàáyé ti kọ́gbọ́n. Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wá wo ọjà wa, ó sì tẹ ìwé *West African Trade* jáde ní 1954. Ó fi hàn pé àjọ tó ń ra irè oko, èyí tí wọ́n ní wọ́n dá sílẹ̀ láti gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ọjà tó ń dìde tó ń ṣubú, ń fún àgbẹ̀ ní owó tó kéré gan-an sí èyí tí irè rẹ̀ ń mú wá lókè òkun, ó sì ń kó ìyókù pa mọ́ fún ìjọba láti ná. Ní 2002, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Milton Friedman àkọ́kọ́. Ní 1986 ni ìjọba Nàìjíríà tó pa àwọn àjọ náà rẹ́. George Ayittey, ọmọ Ghana tó kú ní 2022, lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti kọ ọ́ pé ọjà títà, ìgbìmọ̀ àgbà àti ẹ̀tọ́ sí dúkìá ti wà nílẹ̀ Áfíríkà kí òyìnbó tó dé, pé ìjọba tó ń darí gbogbo nǹkan ni àjèjì.

Àwọn tó ti Bọ́mà dé

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n fi í ṣe. Nínú oṣù Kẹta 1944, létí odò Kaladan ní Bọ́mà, ìbọn àwọn Japan fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Ó ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, nínú igbó. Àwọn ará abúlé kan ló fún wọn lóúnjẹ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì gbé wọn sínú ilé ara rẹ̀, ó fi wọ́n pa mọ́ fún ọ̀tá títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní òpin ọdún náà. Bí àwọn Japan bá rí wọn níbẹ̀, ẹ̀mí Shuyiman àti ti ìdílé rẹ̀ ni ì bá lọ sí i. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé kó tó kú ní 2012. Ìjọba tó gbà á síṣẹ́ kò mọ ibi tó wà. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan ló gbà á là. Ẹni tó ti rí irú èyí mọ̀ pé àánú láàárín ènìyàn kò dúró de àṣẹ.

Ìtàn Accra le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1948, àwọn sójà tó ti ogun dé kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti ìlérí tí ìjọba kò mú ṣẹ, wọ́n sì tò lọ sí ilé gómìnà ní Christiansborg láìmú ìbọn dání. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Colin Imray, yìnbọn sí wọn. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Ìlú gbiná, ìjọba sì kó Nkrumah, Danquah àti àwọn olóṣèlú mẹ́rin mìíràn sí àtìmọ́lé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà lọ tààrà sí òmìnira Ghana ní 1957.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ìjọba Nkrumah, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn sójà mẹ́ta yẹn ṣí ọ̀nà fún, ṣe òfin ní 1958 tó fún un láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù. Danquah kú sínú ẹ̀wọ̀n Nsawam ní 1965. Òmìnira orílẹ̀-èdè dé, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò bá a dé. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé lọ́jọ́ tí òyìnbó lọ ni ìbéèrè sójà mẹ̀kúnnù parí.

Ọ̀gágun kọ òfin, sójà kékeré ń gbé abẹ́ rẹ̀

Nígbà tí ológun gba ìjọba ní Nàìjíríà, ọ̀nà ọ̀gágun àti ti sójà kékeré yà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ oko fún iṣẹ́ ìlú, ohun ọ̀gbìn àti ilé orí rẹ̀ ni yóò sanwó fún, kò ní sanwó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin yìí lágbára débi pé wọ́n tì í mọ́ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè kó má baà rọrùn láti yí padà. Ìwé òfin 1999 fúnra rẹ̀, àṣẹ ológun ni: Decree 24 ti ìjọba Abdulsalami.

Nítorí náà, sájẹ́ǹtì tó padà sílé ń gbé lábẹ́ òfin tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ. Òun ló gbé ìbọn tó gbé wọn dórí àga, kò sì sẹ́ni tó pè é wá jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ní Ekinrin-Adde

Ìlú wa wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, nítòsí Kàbbà. Ilẹ̀ Ọ̀kun mọ sójà tipẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ogun Tápà kó ènìyàn wa lẹ́rú, títí ọmọ ogun Royal Niger Company fi gba Kàbbà kọjá ní 1897 lọ bá Bídà jà. Lọ́kọ́jà, tí kò jìnnà sí wa, ni Lugard ti kó àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force jọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ológun jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ tálákà fi ń rí owó oṣù.

Nígbà tó bá fẹ̀yìntì, ohun tó kọ́kọ́ ń pàdé ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Abala 173 nínú ìwé òfin sọ pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá ṣáájú. Ní 2004 òfin mú àwọn ológun wọnú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí. Ní 2011 wọ́n tún yọ wọ́n kúrò. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, a ti rí àwọn àgbàlagbà tó ti jẹ́ sójà rí tí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Abùjá nítorí owó tí wọ́n ti fọwọ́ sí tí kò dé ọwọ́ wọn. Bí owó bá sì dé, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti jẹ ẹ́. Ìjọba tó ń tẹ owó jáde láti dí ihò tó gbẹ́ ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀yìntì láìkọ ìwé sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ń rí ìlú. Jákèjádò ilẹ̀ Ọ̀kun, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló ń bu owó lé àwọn ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi, tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì, tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe. Ìlú a dáwó ra tiransfọ́mà, ilé iṣẹ́ iná a sì sọ ọ́ di tirẹ̀, a tún máa mú bíìlì wá. Bí àgbẹ̀ bá gbé iṣu lọ sí ọjà, àwọn ọ̀dọ́ tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ a na igi dínà fún ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin 1998 tó to orúkọ owó orí àti owó òde lẹ́sẹẹsẹ ti ka dídí ojú ọ̀nà láti gbowó léèwọ̀.

Ààbò, tó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba, wá di ohun tí a ń fọwọ́ ara wa wá. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbbà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n bíi 240 sì sá lọ. Àwọn ọdẹ ló ń wọ igbó tọ ajínigbé lẹ́yìn, sójà tó ti fẹ̀yìntì a sì máa fọ̀nà hàn wọ́n, nítorí ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ̀nà. Ìjọba kò sí níbi tó yẹ kó wà, ó sì kún ibi tí a kò pè é sí. Ibi tí gbólóhùn méjèèjì tí sójà wa ń sọ ti pàdé nìyẹn.

Ohun tí alátakò lè sọ

Àtakò tó lágbára jù wà lẹ́nu ààlà wa gan-an. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Western Region bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Òmùò-Èkìtì wọ kíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Ìjùmú, tó wà ní Northern Region, kò rí i gbà. Ọ̀nà kan náà, èdè tó bá ara mu, ìjọba méjì. Ẹni tó bá ń sọ pé ọwọ́ ìjọba kò lè ṣe rere kan gbọ́dọ̀ dáhùn fún ìyẹn. Èmi gbà pé rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Action Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Western Region, kéde owó tí olúkúlùkù yóò san fún un. Ó dun àwọn ènìyàn, wọ́n sì dìbò fún NCNC nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Action Group kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí ilé ìwé, àwọn olùdìbò rí ohun tí owó wọn ṣe, wọ́n sì dá wọn padà ní ìbò agbègbè 1956. Ìjọba tó súnmọ́ni, tó sọ iye tí yóò gbà àti ohun tí yóò fi ṣe, tí a sì lè fi ìbò nà: àdéhùn nìyẹn. Ohun tí sójà wa ń béèrè kò jìnnà sí i.

Àtakò kejì ni ti 1986. Ìjọba kan náà tó tú àjọ irè oko ká ló jẹ́ kí náírà wó. Kòkó gbówó lórí fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbára lé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì jìyà. Ó yẹ kí olómìnira rántí èyí: ọjà òmìnira tí a bá gbé ka orí owó tí kò dúró sójú kan kò ní í gbe tálákà.

Àtakò kẹta ni pé sójà tó ń gba owó ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ìjọba kéré. Èmi kò gbà á. Apá kan nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Ẹni tó ń béèrè owó iṣẹ́ tó ti ṣe kò tọrọ nǹkan kan.

Ilẹ̀kùn tí òfin tì

Bí sájẹ́ǹtì wa bá wá ní òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí èrò yìí ńkọ́? Abala 222 nínú ìwé òfin sọ pé Abùjá ni olú ilé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Òfin kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejì 2020, INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74 lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wúwo jù ni abala 224: ìpinnu ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ bá Orí Kejì ìwé òfin mu. Orí Kejì yẹn, ní abala 16, ló ní kí ìjọba darí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, kó sì máa bójú tó àwọn ẹ̀ka ńlá inú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, ẹgbẹ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ìjọba yọwọ́ nínú ọrọ̀ ajé ti tako òfin kó tó fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn ológun tó fọwọ́ sí ìwé yẹn ti dáhùn ìbéèrè náà fún wa kí a tó dìbò.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìsàlẹ̀ ni irú ìṣèlú yìí ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Sójà tó fẹ̀yìntì mọ bí a ṣe ń ka ohun èlò, ó mọ ìwé àkọsílẹ̀, ìlú sì mọ̀ ọ́n. Òun ló yẹ kó jókòó nínú ẹgbẹ́ ìlú àti ní ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀, kó máa béèrè ohun tí owó Ìjùmú ṣe, kó lé àwọn tó ń fi igi dínà lọ. Láti ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lè dé Abùjá lórí ohun mẹ́ta: kí a mú ọdún márùn-ún tó wà ní abala 173 ṣẹ, kí ìjọba máa san owó ilẹ̀ tó bá gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí òfin sì jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè díje. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bi ìjọba ṣubú. Wọ́n ń dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ tó gbà. Ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu nítorí Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè wọn, ojúṣe wa sì ni láti tò sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń béèrè.